Àgùntàn Tí Mo Lọ Wá

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún nísàlẹ̀,
mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo gun òkè.
Ẹ má pè mí ní kèfèrí, ẹ̀yin ará Hamravík;
àgùntàn mi kan ni kò wálé lálẹ́ àná,
èyí tí etí òsì rẹ̀ là, tó lóyún sínú.
Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún àlùfáà. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.
Láti ìgbà tí òkun ti gba Hanus lọ́wọ́ mi,
orin ìyìn a máa há mi lọ́fun bí egungun ẹja.
Gbogbo ìjọ a dìde, wọn a kọrin;
èmi a máa ka ìṣó tó wà lára pákó àjà.

Kò sí igi ní erékùṣù Fáróè wa.
Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ohun tó ga pẹ́ lórí ìdúró.
Koríko ló mọ ọgbọ́n ìtẹríba, òun ló kù,
òun àti òkúta, àti ẹyẹ òkun
tí ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.
Mò ń pe àgùntàn bí Hanus ti máa ń pè é,
mo ń mi èérún búrẹ́dì gbígbẹ nínú agolo,
ṣakala, ṣakala.
Ohùn mi lọ, kò padà wá jíṣẹ́.

Ìgbà náà ni kùrukùru dé.
Kò sáré, kò pariwo,
ó gun òkè bí àlejò tó mọ ilé.
Ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì mì, ó gbé èbúté mì,
ó gbé apá tí mo nà síwájú mì títí dé ìgbọ̀nwọ́.
Bèbè òkè yìí kì í kìlọ̀:
ẹsẹ̀ kan lórí koríko, ìkejì lórí òfo.
Ìyá mi kọ́ wa: bí kùrukùru bá bò ọ́, jókòó.
Má gbọ́n ju òkè lọ.
Mo jókòó.

Kí ni kí n wí fún yín?
Kò sí iná, kò sí áńgẹ́lì.
Ìrì ń kán létí ìborùn mi, ó ń kán, ó ń kán.
Mo gbọ́ omi kékeré kan lábẹ́ òkúta,
tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọjá níbẹ̀,
ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò retí ìdáhùn.
Mo ní: “Ìwọ tí o dá òkun, ìwọ ni mò ń bínú sí.”
Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni mo fi di ọ̀rọ̀ yẹn sínú.
Ó jáde bí ọmọ ti ń jáde, tòun ti ẹ̀jẹ̀ àti igbe.

Òkè kò wó lé mi.
Kùrukùru kò tú ká nítorí mi.
Ṣùgbọ́n bí a ti ń mọ̀ nínú òkùnkùn
pé ẹnìkan wà lórí àga kejì nínú yàrá,
mo mọ̀ pé n kò dá jókòó.
Àpáta kọ́ ni Ọlọ́run, n kì í bọ òkúta;
ìrì kì í ṣe Òun, omi kì í ṣe Òun.
Àmọ́ ọwọ́ tó mọ wọ́n ṣì tutù lára wọn,
ọwọ́ náà sì ní àpá ìṣó, mo rántí.
Òun náà ti kígbe rí lórí òkè,
tí ojú ọ̀run dákẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ ká aṣọ kúrò lójú ọ̀nà.
Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín èmi àti bèbè.
Mo fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ọmọdé.

Àgùntàn mi wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá,
ọmọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara wọn ti gbẹ, wọ́n ti mu ọmú yó.
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè ibi tí mo sọnù sí.
Àwọn èèyàn ń ti ìsìn bọ̀.
Sunnvá bi mí: “Ragna, o rí i?”
Mo ní: “Ó ti wà nílé kí n tó dé.”
Kò mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi náà kò tíì mọ̀ ọ́n tán.
Mo wọlé lọ gbé omi kaná; ìbọ̀sẹ̀ mi rin gbingbin.